Ọkọ̀ Rẹ̀ Wà Lẹ́yìn Òkè

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni Évárístì gun zẹ̀mi wọ Ṣàbẹ,
eruku pupa lórí fìlà, bàtà rẹ̀ ti já létí.
Ó ní òun ò ní mọ́tò, òun ò kọ́lé s'Àjàṣẹ́,
ọmọ àgbẹ̀ kajú lòun, ọmọ ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ.

Bíàú àbúrò mi ló gbé e.
Láti ojú irin ló ti gbé e, níbi tí reluwé kì í kọjá mọ́:
ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà fún ìrìn tí kò gbóná ẹ́ńjìnnì,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí i kí ó lè panu mọ́.
Bíàú kò mọ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́.
Ìwáàsù ò tíì parí tó fi fà mí láṣọ:
Ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn òkè,
ó dúdú, gíláàsì rẹ̀ dúdú, ó ń kùn bí oyin,
dírẹ́bà ń fi aṣọ funfun nu taya.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì,
kò bèèrè tìmùtìmù.
Olùkọ́ Ọnọ́rè gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ní
Dáfídì náà da ẹran kó tó jọba,
ó ní ìbò tí a kò bá dì fún olùgbàgbọ́, Sàtánì la dì í fún.
Àmín wa mi páànù òrùlé.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ Jímọ̀ ìjẹta,
tó forí kanlẹ̀ ní mọ́sálásí,
tí Àfáà Sánúsì náà ní Ọlọ́run ló rán an.

Ó ní, Ẹ̀yin gan-an ni ìlú!
Àwọn tó wà lókè ti lá ṣúgà yín tán,
àpò òfìfo ni wọ́n kó sílẹ̀ fún yín.
Bí mo bá wọlé lónìí, ẹ ó gbọ́ fèrè reluwé lọ́la.
Àwọn arúgbó sunkún.
Èmi náà gbọ́ fèrè yẹn. Mi ò ní parọ́,
mo gbọ́ ọ.

Ọkọ́ ni àmì ẹgbẹ́ rẹ̀.
Bàbá wa ò tẹ nǹkan mìíràn rí láyé,
bó bá ti rí ọkọ́ lórí ìwé, àtàǹpàkò rẹ̀ mọ ọ̀nà.
Ẹgbẹ́ yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mẹta,
ó lọ bá àwọn tó na bàbá wa nígboro da pọ̀,
ọkọ́ ṣì wà níbẹ̀, bàbá ṣì ń tẹ̀ ẹ́.
Ó ní a kì í ju ọkọ́ nù nítorí pé èèkù bó wa lọ́wọ́.
Káàdì rẹ̀ ṣì wà nínú Bíbélì, láàrin Sáàmù,
ó ti lẹ̀ mọ́ ìwé.

Mo sá bá ìyá mi nídìí igi kajú.
Màmá, ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn òkè.
Kò gbójú sókè, ó ń ṣa kóró.
Ó ní: Ọkọ́, ọkọ̀, ọkọ,
ohùn ló yà wọ́n, ìwé ìdìbò ò sì lóhùn.
Mo ti mọ̀. Nígbà tó dì mọ́ mi, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀:
aṣọ rẹ̀ tutù, kò sí òógùn
lára ẹni tó ní òun bá oòrùn rìn.
Ṣùgbọ́n ta ló tún wá?
Àwọn tí kò fi ọkọ̀ tiwọn pamọ́,
ṣé wọ́n yà rí?

Lọ́jọ́ ìdìbò, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó pẹ́ níbẹ̀.
Ó jáde, àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú. Mi ò bèèrè.
Bíàú gbé e, epo ẹgbẹ̀rún márùn-ún yẹn kò tíì tán,
mo ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn.
Nígbà tí wọ́n dé ojú irin, ó fọwọ́ kan Bíàú léjìká
kó pa ẹ́ńjìnnì ná.
Mo bá wọn níbẹ̀.
Ó ti ṣí gèlè kúrò létí, ó ń tẹ́tí.